Ẹ̀yìn Káàdì

Káàdì kan wà nínú àpótí bàbá mi àgbà,
lábẹ́ ìwé ọkọ̀ tí omi òkun ti kán sí,
káàdì Àfúrù, èbúté àwọn Faransé.
Ojú ọkùnrin mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀:
irùngbọ̀n, kọ́là líle, àmì ẹ̀yẹ láyà.
Àwọn ẹni ńlá ìlú náà.

Súnmọ́nù ò mọ ìkankan nínú wọn.
Èédú ló fi ń bọ́ ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ọkọ̀,
èédú lówùúrọ̀, èédú lálẹ́,
ikọ́ dúdú ló ń wú títí a fi gbé e lọ sí Àtàn.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi já ẹkùrọ́ ní Àfúrù.
Ó fi bàtà àyálò rìn wọ ìgboro,
ó bá àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ti fi idẹ rọ wọ́n,
ẹyẹ òkun ń yàgbẹ́ sí wọn lórí.

Ìdírísà ará Dàkáà, alágbàárù èbúté, ló ń ṣe ògbufọ̀:
"Ọba ni tọ̀hún, ẹ wo irùngbọ̀n.
Ìyẹn kọ̀wé; ẹni tí kì í sùn ló ń lójú bẹ́ẹ̀.
Eléyìí ló lọ́kọ̀. Ọkọ̀ púpọ̀."
"Kí ló ń fi kó?"
Ìdírísà tu tábà sílẹ̀.
Ó ní òtútù ń mú, ẹ jẹ́ ká máa lọ.
Bàbá ní kò mọ̀wé kà, irọ́ ló ń dá pa,
ṣùgbọ́n ti ẹni kẹta yẹn, òun gbà á gbọ́.

Ó ra káàdì. Ó sọ̀ ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì,
ó gbé e fún ìyá àgbà,
ìyẹn fi dé ìgò epo.

Èmi ni mo yí i padà.
Pẹ́ńsùlù, bí ẹni pé adìyẹ ló tanlẹ̀:

Ṣàíbù, Ọ̀fin. Páìpù bẹ́.
Bẹ́njá Kúkọ̀yí, Olówógbowó. Ibà. A sọ ọ́ sómi.
Pẹ́dúrò, Pópó Àgùdà. Ó sùn, kò jí.
Jímù, ará Kúrúù. Ó mọ orin púpọ̀.
Ambali, Ìdúnṣàgbé. Ọmọ mẹ́rin.

Ẹ̀kẹfà, epo ti jẹ ẹ́.
"Sà" ló kù, àti ìdajì ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta.

Mo gbé e kiri Ìsàlẹ̀ Èkó bí ìwé ẹjọ́.
Ní Ẹnu Ọ̀wá, Ìyá Ráfátù fi ìka lé àbààwọ́n náà:
"Sànúsí ni. Bàbá mi ni.
Mo ṣì ń rákòrò nígbà tí wọ́n wọkọ̀."
Mo wò ó. Ó lè jẹ́ Sàlámì. Ó lè jẹ́ Sàká.
Mo ní, "Àwọn ni, Ìyá."
Ó rẹ́rìn-ín; ojú rẹ̀ sọ fún mi pé òun ti gbọ́ irọ́ tó dáa ju èyí lọ.
Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fóun di Jímọ̀,
kí àwọn àlùfáà lè rí orúkọ pè.
Ó fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu káàdì náà,
ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì,
irùngbọ̀n nísàlẹ̀.