Ibi Tó Ti Bọ́ Bàtà

Láoyè, a ti wọ Máíkírà mẹ́rin láti àárọ̀,
o ò sì jẹ́ kí n di ọwọ́ rẹ mú nínú ọ̀kankan.
Fèrèsé lo gbájú mọ́. Ò ń ka òrùlé,
páànù tó dógùn-ún lórí páànù tó dógùn-ún,
láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ títí wọ Yemẹtu.
Igba ó lé mọ́kànlá, lo wí. Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín.
Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o ò fo ẹyọ kan.

Ọdún kẹta rèé tí dókítà Yúsíéèṣì ti fún ọ lórúkọ:
ọ́tísíìmù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin.
Ìyá mi ní, kí la ó wá máa pè é ní èdè tiwa?
Mo ní, Ìyá, Láoyè la ó máa pè é.

Ní Òkè-Àdó, ọmọ méjìlélógójì ló wà ní kíláàsì kan.
Ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sọ àyà:
"Ìka ò dọ́gba, Bàbá Láoyè, a mọ̀ bẹ́ẹ̀,"
òrùka kan ṣoṣo ló sì mú jáde
tó fẹ́ fi wọ gbogbo wọn.
Agogo dún. O di etí méjèèjì,
o wọ abẹ́ tábìlì lọ bí ìgbín tí wọ́n fi iyọ̀ hàn.
Tíṣà ọ̀dọ́ kan ní, "Yóò mọ́ ọn lára."
Mo wo irun apá rẹ tó dìde.
Ìyà náà a máa mọ́ni lára.

Ti Jẹ́ríkọ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́ jù.
Ọmọ márùn-ún péré, rọ́ọ̀gì nílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù,
owó ilé-ìwé tó tó ra ọkọ̀ àlòkù
lọ́wọ́ bàbá tó ń fa wáyà sílé onílé jẹun.
Ǹ bá yá a. Mo ti ń ro ẹni tí n ó yá a lọ́wọ́ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọmọ kan jókòó, ó dojú kọ ògiri;
wọ́n ní jẹ́jẹ́ ló ń ṣe, wọ́n ń fi yangàn.
Mo bèèrè ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré.
Obìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀,
bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀.

Àbúrò mi ní kí n kúkú fi ọ́ sílé.
Pásítọ̀ ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á lọ́jọ́ mẹ́ta:
ebi pa mí, agogo ò sì yé pariwo sí ọ létí.
Ìyá rẹ ló fi ohùn ránṣẹ́ láti Sakí, lẹ́nu iṣẹ́:
"Má wo pátákó ẹnu ọ̀nà wọn. Èjìká rẹ̀ ni kí o wò."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Ẹlẹ́yẹlé, oòrùn ti yẹ̀ sẹ́yìn omi.
Ọ̀dà ti ṣí lára ògiri. Ọmọ méjìdínlógún, oríṣiríṣi.
Àga kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí ẹnì kankan ò jókòó sí,
aṣọ títa ní kọ̀rọ̀, ẹní kékeré lẹ́yìn rẹ̀.
"Ibi tí orí ti ń tutù nìyẹn," ni Ìyáàfin Àjùwọ̀n wí,
"ẹni tó bá wù ló ń lọ. Èmi náà máa ń lọ."
Kò ní yóò sàn. Kò ṣèlérí kankan.
Ó bi mí ohun tí ò ń kà. Mo ní òrùlé.
Ó ní, "Ó dáa. Kò tíì sẹ́ni tó ka tiwa."

Ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá mo mú un tọ̀nà.
Olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní,
oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje.
Òjò oṣù kẹsàn-án yóò lu páànù tiwọn náà.
Ṣùgbọ́n o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì,
èjìká rẹ sọ̀ kalẹ̀;
o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o tú okùn bàtà òsì, o tú tọ̀tún,
o tò wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, imú wọn dọ́gba
bí o ṣe máa ń ṣe nílé,
nílé nìkan.