Yàrá Keje

Kọ̀ǹpútà náà dàgbà ju àwọn ọmọ mi lọ.
Ṣówándé rà á ní Pánṣẹ́kẹ́ lọ́dún tí mo jáde ìwé mẹ́fà,
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta fíríìjì tòkunbọ̀.
Orí rẹ̀ wúwo bí odó, ojú rẹ̀ kéré,
àwọ̀ ewé ni gbogbo ohun tó ń fi hàn.
Bí a bá tàn án, á kọ́kọ́ húkọ́,
á kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun,
kí ilé náà tó yọ:
ilé oníyàrá méjìlá,
ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sí onílé.

Iṣẹ́ wa ò ju pé ká mú iwin méjìlá inú rẹ̀.
Àtùpà kan, àwọ̀n kan, ẹ̀mí mẹ́ta.
Ẹ̀mí mẹ́ta! Mo máa ń ná an
bí ẹni tó rí owó he ní Ṣàpọ́n.
Mo kú nídìí àtẹ̀gùn, mo kú nínú ilé ìdáná,
mo tún dìde, mo gbọn aṣọ mi nù.

Ìyá wa àgbà jókòó lẹ́yìn wa lórí ẹní,
ó ń ṣa ẹ̀wà, okùn bàtà ló fi so jígí rẹ̀ kọ́rùn.
“Kí lẹ ń lé kiri?”
Iwin ni, Màmá.
“Iwin kọ́ nìyẹn. Inú igi niwin ń gbé, kì í gbé pálọ̀.
Òkú èèyàn lẹ̀ ń dá lóró yẹn.
Ṣé ẹ ti bi í léèrè ohun tó gbàgbé sílé?”
A rẹ́rìn-ín. Ṣówándé fi àwọ̀n kó méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àfi alẹ́ ọjọ́ tí a wọ yàrá keje.
Iwin ibẹ̀ kì í sáré.
Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, apá òsì rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀,
bí ẹni tó gbé fìtílà tí epo rẹ̀ ti tán.
Ẹ̀wà dà sílẹ̀.
“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.”
Kò pariwo. Ó tún un wí.

Bàbá wa àgbà, tí àwa ò bá láyé,
ṣiṣẹ́ ojú irin ní Láfẹ́nwá
títí irin fi ba apá òsì rẹ̀ jẹ́.
Apá kan tó kù ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà.
Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí.
“Wọ́n ní àkúdàáyà máa ń lọ sílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n,
á gbaṣẹ́, á gbéyàwó.
Mo wá a dé Ìlaròó, mo wá a dé Kútọnu.
Ta ló mọ̀ pé inú àpótí yìí ló kó lọ?”

Láti ọjọ́ náà, a kì í mú ju mọ́kànlá lọ.
Eré náà ò sì gbà bẹ́ẹ̀: bó bá ku ẹyọ kan,
kò ní parí, kò ní kí ọ kú oríire,
orin rẹ̀ á kàn máa yí po
títí Nẹ́pà á fi bá wa dá ẹjọ́ náà.
Nígbà mìíràn màmá á ní ká má pa á,
àwa á lọ sùn,
òun á máa ṣa ẹ̀wà níwájú rẹ̀, láìsọ̀rọ̀.

Oṣù tó kọjá, a ṣí ilé Ìtòkò láti tún òrùlé rẹ̀ ṣe.
Ṣówándé ti di ará Kánádà.
Màmá wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì lẹ́yìnkùlé, ọdún kẹsàn-án rèé.
Mo nu eruku, mo ki wáyà bọ ògiri. Ó húkọ́.
Ọwọ́ mi rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé:
mọ́kànlá, láìpàdánù ẹ̀mí kan.
Yàrá keje. Apá òsì.
Mo ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlógójì, mo jẹ báǹkì lówó,
mo fẹ́ rí òpin nǹkan kan.
Mo ju àwọ̀n.

Mo retí àrá. Mo retí orin mìíràn.
Ọ̀rọ̀ kan péré ló yọ, lédè tí n ò gbọ́,
ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta,
ni ilé oníyàrá méjìlá bá tún yọ,
ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀,
ẹ̀mí mẹ́ta.

Mo la gbogbo rẹ̀ kọjá, n ò mú ẹnikẹ́ni.
Ó wà níbẹ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.
Níta, òjò ń ka páànù dídípẹtà lọ́kọ̀ọ̀kan,
omi ń yọ̀ lórí àpáta sọ̀kalẹ̀ sódò Ògùn.
Mo sún àga tì, mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.
Ẹ kú ilé o, Bàbá.
Ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe mí.