Èmi Ni Mo Di Àtùpà Mú

Awọnlẹ̀ dé láti Ṣágámù láàárọ̀,
ó gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ sínú ewé gbígbẹ,
ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi ààlà hàn mí."
Àwọn ọmọ mi yí mi ká nínú oko obì
tí baba mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn Òde Rẹ́mọ.
Mo la ẹnu. Ìtàn ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti jinná tipẹ́,
ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́:
pé Ọ̀nàfowókàn fẹ́ jẹ ilẹ̀ wa mọ́ tirẹ̀,
pé pérégún baba mi ló dá a dúró.
Ó pariwo nígbà náà; a ní ariwo olè ni.

Nítorí ìtàn yìí a kì í kí wọn.
Nígbà tí Ṣókúnbí ọmọ rẹ̀ ń sìnkú ìyá rẹ̀,
a ti fèrèsé, a jókòó sínú ooru,
à ń gbọ́ ẹkún wọn bí ẹni ń gbọ́ òjò ìlú míì.
Tíṣà sì ni mí, ẹ gbọ́ o,
ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n
ni mo fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má purọ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ojú mi yà sí ara igi.
Ọ̀nàfowókàn a máa gbin obì bí ẹni ń to ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì:
ogún ẹsẹ̀ síra wọn, gbọnrangandan.
Baba mi, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ,
a máa gbin tirẹ̀ síbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́.
Ìlà títọ́ yẹn sì rìn wá láti ọ̀hún,
ó kọjá lára pérégún bí ẹni tí kò rí i,
ó wọ inú tiwa.
Mo kà á. Igi méje.
Mo tún un kà, bóyá ojú àgbà ló ń ṣe mí.
Méje.

Ta ló gbin igi méje yìí sínú oko wa?
Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè béèrè bẹ́ẹ̀.
Láti ìgbà tí mo ti ń ṣa èso lábẹ́ wọn,
èmi ò béèrè.

Ìgbà náà ni ọwọ́ mi rántí kí orí mi tó rántí:
ìwúwo àtùpà. Òórùn kẹrosíìnì.
Ọyẹ́ ti la ètè mi, ọmọ ọdún méje ni mí,
baba mi ń hú pérégún, ó ń tún un rì níbòmíràn,
ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ erùpẹ̀,
ó ní, "Gbé iná sókè díẹ̀ sí i, ọmọ dáadáa."
Lọ́jọ́ kejì ó fún mi ní odidi ẹyin bíbọ̀.
Odidi! Láyé tí wọ́n ń sọ pé ẹyin a máa sọ ọmọ dolè.
Mo rò pé ìfẹ́ ni.
Bóyá ìfẹ́ náà ni. Ibi tó ti nira nìyẹn.

Ẹnìkan ti dìde nínú mi, ó ń ṣe lọ́yà:
"Àlá ni. O ti darúgbó. Òkú kì í rojọ́.
Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ pàdánù igi méje
nítorí àtùpà tí ẹnikẹ́ni ò rí?"
Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn mi ni.
Òun náà ló ti ń bá mi sọ ìtàn láti ọjọ́ yìí.
Ó lè jẹ́ pé òní ni mo hun àtùpà náà,
orí ènìyàn a máa hun nǹkan.
Ṣùgbọ́n igi ò lálàá,
igi ò ní baba tí yóò gbè lẹ́yìn.

Awọnlẹ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀.
"Mọ́mì, ààlà dà?"

N kò nàka.
Mo ní kí àbíkẹ́yìn mi gun ọ̀kadà
lọ sílé Ṣókúnbí, ilé onípáànù pupa,
kó ní ọmọ Odùfúwà ń pè é.
Ó ní, "Ṣé á dáhùn?"
N kò mọ̀.
Mo jókòó sídìí èkínní nínú igi méje náà,
mo la èso kan tó jábọ́, mo bu awẹ́ kan sẹ́nu.
Ó korò bó ṣe máa ń korò,
mo sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jẹ nǹkan oníǹkan.