Ìgò Eruku Addolorata

Ní ìsàlẹ̀ Ítálì, níbi tí ilẹ̀ ti yọ gìgísẹ̀ sínú òkun,
bí afẹ́fẹ́ bá ti àríwá wá, wọ́n á ti ilé-ìwé pa,
wọ́n á ní kí oníkálukú ti fèrèsé.
Addolorata nìkan ló ń ṣí tirẹ̀.
Á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá etí fèrèsé,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kó ìyẹ̀fun tó dànù lásìkò ọ̀wọ́n,
á dà á sínú ìgò tí jáàmù ti tán nínú rẹ̀,
á kọ ọjọ́ sí i lára,
á kọ wákàtí tí òórùn náà jí i lójú oorun,
á dé e pa.

Eruku pupa. Kì í ṣe pupa ilẹ̀,
ilẹ̀ wa níbí funfun bí egungun ẹja.
Pupa irin ni, ó ń dán bí ìpẹ́.
Ó bà lé aṣọ tí a sá, ó bà lé ewé ólífì,
ó bà lé ibojì,
títí wọ́n fi kun ògiri itẹ́ òkú ní pupa rẹ́súrẹ́sú
kí àwọ̀ má baà tako àwọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín di ikọ́.

Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.
Àwọn ọ̀gá wa ti rí aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó: òru.
Mo mọ̀, nítorí èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn ààrò.
Fóòmàn á gbé àtàǹpàkò sókè,
a óò tú gbogbo ohun tí ọ̀sán kò gbọdọ̀ rí sílẹ̀.
Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo;
ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń jẹ tiwọn,
owó ilé, owó bàtà, owó eyín ìyá mi.

Nunziatina, tí ọmọ rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ mí, gbé ìgò tirẹ̀ wá.
Cosimo apẹja gbé tirẹ̀ wá.
Irinwó ìgò ó lé méje lórí tábìlì ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀gbẹ́ni kan wá láti iléeṣẹ́,
bàtà rẹ̀ kò tẹ àdúgbò wa rí.
"Ìyá, eruku ni. Gbogbo ayé ló ní eruku."
Addolorata fa òòfà yọ nínú àpò,
ó gbé e sókè ìgò.
Eruku dìde dúró bí irun ara ẹni tẹ́rù bà.
"Ti ilé yín náà máa ń dìde báyìí?"

Ọkùnrin náà wẹ ọ̀fun rẹ̀ mọ́.
Wákàtí tí ẹ kọ yìí, ta ló jẹ́rìí sí i?

Addolorata kò wò mí. Mo búra, kò wò mí.
Bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ bàtà mi lórí àtẹ̀gùn láfẹ̀mọ́júmọ́,
tó ń kí mi "o kú iṣẹ́",
láìbéèrè iṣẹ́ wo.

Ìwé kékeré kan wà lápò mi,
mo ń kọ wákàtí ààrò sí i
kí wọ́n má baà rẹ́ mi jẹ lówó àfikún.
Nítorí owó ni. N kò ní purọ́.
Mo rìn síwájú. Mo gbé e ti ìgò ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta.
Ìwé ní: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ìgò ní: aago méjì ààbọ̀.
Ogún ìṣẹ́jú ni èéfín fi ń rìn dé orí ibùsùn wa.

Addolorata wọ awò ojú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.
"Jókòó, Vitantonio," ó wí,
"ikọ́ yẹn ti pẹ́ jù."