Ilẹ̀kùn Mẹ́tàdínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi Olúgbuyì ra ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún
lóṣù Ọ̀wàrà, kò sì ní ilé.
Aago mẹ́ta òru ló kó wọn dé Ìtòkò,
ó ń pariwo: "Àbúrò, jí! Mo ti rí i!
Gbogbo ẹni tí kò rílé gbé ní Abẹ́òkúta
yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."
Ọjọ́ karùn-ún tí kò fojú kan oorun nìyẹn.
Ojú rẹ̀ ń tàn bí àtùpà tí wọ́n fa òwú rẹ̀ sókè jù.

Kí n má parọ́: èmi náà jẹ nínú ayọ̀ yẹn.
Ó ra bàtà fún mi, ó pa mí lẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.
N ò mọ̀ pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀
ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ó ti dorí kodò.
Ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún wà ní gbangba,
ti yàrá rẹ̀ nìkan ló tì.
Mo gbé ògì gbígbóná síwájú rẹ̀, ó wò ó títí tó fi tutù.
Lóru ọjọ́ kan mo bi í léèrè gbangba bóyá ikú ń pè é.
Ó ní, "Lójoojúmọ́."
Ìbéèrè náà kò pa á bí mo ṣe bẹ̀rù. Ìdákẹ́jẹ́ ni ìbá pa á.

Ilẹ̀ mọ́, a gba Àrò lọ.
Láti kékeré ni a ti ń fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa.
Ẹ̀rín náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja lẹ́nu géètì.

Nọ́ọ̀sì Ṣóbánjọ bi mí: "Ṣé o mọ afárá Láfẹ́ńwá?
Tí odò Ògùn bá kún, ṣé odò mìíràn ni?
Tó bá fà títí àpáta fi yọrí, ṣé ó ti kú ni?
Ẹ máa wo àmì lára òpó, kí omi tó wọlé."
Mo ní, ta ló ṣe é?
"Ìyá yín tí ẹ ní ó máa ń kọrin mọ́jú,
tí yóò tún sùn fún oṣù méjì, ta ló ṣe òun?"
Mo dákẹ́. Ìwà rẹ̀ ni a pe ìyẹn.

Àmì là ń wò báyìí: oorun wákàtí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó ń sáré,
tàbí aṣọ kan náà lọ́jọ́ mẹ́rin.
Oògùn náà ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó ti dà á nù lẹ́ẹ̀kan,
a ṣubú, a tún bẹ̀rẹ̀.
N kì í sọ "Ṣara gírí" fún un mọ́;
ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán?
Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ṣì ní iṣẹ́ aráyé ni,
ó ń mú adìẹ wá fún ètùtù ní Sátidé.
A ń jẹ adìẹ náà.

Ó ta ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá, ó fi méjì ta aládùúgbò lọ́rẹ.
Èyí tó kù, ó kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó di tábìlì.
Orí rẹ̀ ló ti ń kọ iye wákàtí tó sùn sínú ìwé.
Lánàá ó kọ méje, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi.
"Àbúrò, má wò mí bí odò. Ẹ̀rín lásán ni."
Mo bá a rín in. Mo sì tún yọjú wo ìwé náà.

Ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà létí tábìlì;
ìrẹsì máa ń gba ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀ bí a bá ń jẹun.