Gbèsè Orókè

Fámúrewá ló mú wa lọ.
Ó wa góòlù rí ní Ìgún, nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn;
nísinsìnyí, ènìyàn ló ń wà jáde nínú ilé wọn,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ẹnì kan, oúnjẹ ò sí níbẹ̀.

A pàdé ní Ìṣọ̀kùn láago márùn-ún ìdájí:
Ọláníhún tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ohun àtijọ́ n'Ífẹ̀,
ọkọ rẹ̀ nínú bàtà tuntun,
àwọn Adétúlà méjèèjì, ìbejì, tí ẹ̀rín máa ń bá ọ̀rọ̀ wọn jáde,
àti èmi aránṣọ, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta,
tí mo kó abẹ́rẹ́ àti òwú sápò
bí ẹni pé òkè ti fàya.

Bàbá gbé agolo ẹyín iná lọ́wọ́.
Ọkọ Ọláníhún fi ìṣáná hàn án.
Ó wò ó bí ẹni wo ayédèrú náírà.
"Ilé la ti ń mú iná lọ," ó ní,
ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Ọjọ́ kìíní, oko kòkó.
Ewé gbígbẹ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀,
ilẹ̀ tẹ́jú, a sì ń fọ́nnu.
Nígbà tó di ọ̀sán, òkè dìde níwájú wa,
kò kí wa.

Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ìyàtọ̀ èémí sí ẹ̀mí:
ọ̀kan tán, èkejì kọ̀, kò lọ.
Àpáta gbóná bí áyọ́ọ̀nù eléèédú.
Bàtà tuntun bu olówó rẹ̀ jẹ;
abẹ́rẹ́ mi ni mo fi tú ìléròrò ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó ń pe ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wo ibòmíràn.
Àwọn Adétúlà ò rẹ́rìn-ín mọ́.
"Ó kù díẹ̀," ni Bàbá ń wí.
Díẹ̀ yẹn bímọ,
ọmọ rẹ̀ náà tún bímọ.

Lálẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú agolo, iná jí.
A sun iṣu, a fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Iléṣà ń tàn wìnnìwìnnì
títí NÉPÀ fi kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.
Ti agolo kò kú.

Ọjọ́ kẹta, a wọ Orókè.
Mo ti ń retí ògiri, ẹnubodè, ohun tó ṣeé ya fọ́tò.
Òkúta lórí òkúta ni, kò ga ju orúnkún lọ.
Ìrókò kan ti wọ yàrá ẹnì kan,
ó dàgbà síbẹ̀, kò sanwó ilé.
Ọláníhún kúnlẹ̀ sórí àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá,
ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbálẹ̀ fún àwọn tí kò sí nílé.

Ojúọlápé, ìyá ìyá mi, sọ̀ kalẹ̀ níbí lọ́mọdé
nígbà tí ogun rọlẹ̀.
Ọmọ ọlọ ni wọ́n ní kó gbé. Ó gbàgbé rẹ̀. Wọ́n nà án.
Títí ikú fi mú un lọ, kò yé wí pé,
"Orókè jẹ mí ní òkúta kan."

Nítorí náà mo lóṣòó láàrin ahoro,
bí bàbá bàbá mi ti í lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
òṣómàáló, aṣọ lórí, eruku lẹ́nu:
n ò dìde, àfi tí mo bá gbà á.

Oòrùn yẹ̀. Aláǹgbá kan wò mí, ó mi orí.
Mo ka ọlọ mẹ́rìnlá nínú koríko,
ojú wọn jìn bí àtẹ́lẹwọ́ tí ń tọrọ,
kò sí ọmọ lórí ìkankan.
Omi òjò wà nínú ọ̀kan.
Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Mo fi ra orúnkún.

Fámúrewá ti gbé agolo rẹ̀.
"Ṣé ó ti san án?"

Mo dìde, egungun mi dún.
"Ó san èlé," mo ní. "Ó kù díẹ̀."