Àjà Tó Súnmọ́ Ọwọ́

Àpótí ímeèlì mi kọ̀, ó ní òun ti yó.
Ẹgbàá mọ́kànlá lẹ́tà ló wà níkùn rẹ̀,
kò lè gbé ẹyọ kan mì mọ́.

Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá gáréèjì Ẹ̀pẹ́
kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí wáyà tó ń jó:
“Bàbá, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.
Kí lẹ fẹ́ fi lẹ́tà àtijọ́ ṣe?”
Mo gba fóònù mi, mo sọ ọ́ sápò.
Ẹni tí kò sin òkú rí
ló ń pe ibojì ní ilẹ̀ òfìfo.

Nílé wa létí ọ̀sà, ìyá mi ní àjà lókè ààrò.
Èéfín ẹja ti sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ di àwọ̀ tábà:
irúgbìn ilá, ìwé owó-orí bàbá mi,
fọ́tò ìgbéyàwó tí kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó.
Kò sí iná. Á na ọwọ́ sókè lóru,
ìka rẹ̀ á máa ka kókó ara okùn.
Kókó kan, irúgbìn ni.
Kókó méjì, rìsíìtì ni.
Èyí tí kò ní kókó rárá, “Ẹ má fọwọ́ kàn án.”
Ó kú, n kò mọ ohun tó wà nínú ìyẹn.

Múníráátù, ọmọ àbúrò mi, dé láti Yáábàá lọ́jọ́ Jímọ̀.
Ó yọ díìsìkì kan jáde, dúdú, kò ju páálí ìṣáná lọ.
Ó ní ká kó àwọn lẹ́tà náà kúrò lójú ọ̀nà
láìkó wọn jìnnà.
Mo ní, “Bí àjà?”
Ó ní, “Kí ni àjà?”
Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín:
“Àjà náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní tú kókó kankan.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ ó pè, á jẹ́ yín.”

A kírun Jímọ̀ tán, a kírun aláásárì,
ìlà ewé kan ṣì ń fà lójú ẹ̀rọ bí ìgbín.
Wọ́n múná lọ. A dúró. Wọ́n mú un wá.

Ẹjọ́ ilẹ̀ wa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde di ọjọ́ Ajé.
Mo ń wá ìwé tí sọ̀fíyọ̀ fi ránṣẹ́
lọ́dún tí omi wọ ọjà.
Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, díẹ̀ díẹ̀: pílánì.

Lẹ́tà méjì ló jẹ́.

Ìkíní, ti sọ̀fíyọ̀:
òpó ààlà mẹ́rin, nọ́ńbà, òǹtẹ̀ pupa.
Ìkejì, ti Bísíríyù, láti Gàbọ́ọ̀nù:

“Ẹ̀gbọ́n mi, pílánì mi ni pé n ó délé
kí ọmọ náà tó máa rìn.
Ẹ bá mi wo etí rẹ̀, bóyá ó jọ tèmi.
Owó kafé ti fẹ́ tán, mo”

Ibẹ̀ ló já sí.
Ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ bọ̀ wálé
kò tíì gúnlẹ̀ dòní.

Mo ti ka lẹ́tà yìí rí. Èsì mi wà lábẹ́ rẹ̀:
“Ó dáa.”
Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ. Ó dáa.
Lẹ́yìn náà ni bánkì, ìkéde ìpàdé, ẹ̀dínwó bàtà
rọ́ lé e lórí lọ́dún lé lọ́dún,
èmi náà sì ń pè é ní ìdọ̀tí.

Múníráátù kò sọ̀rọ̀.
Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀,
ó di etí rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé pílánì dé kóòtù. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.
Díìsìkì náà wà lókè fèrèsé, níbi tí ọwọ́ ti ń tó o.
Mo so okùn mọ́ ọn, mo ta á ní kókó mẹ́ta.
Ìyá mi kò ta mẹ́ta rí.